Ẹni Tó Takò Asọrúkọ

Asọrúkọ ti ti ilẹ̀kùn kí Akíndúró tó mọ̀ pé ejò ti gé òun jẹ. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpótí, ó ń tú ewé jíjẹrà ibẹ̀, ó sì ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ nípa iyán tí ìyá òun ti ní òun máa gún dè wọ́n lókè. Lójijì ni ilẹ̀kùn irin ró gbàgà. Iná orí àjà, tó máa ń funfun, pọ́n bí ẹyin iná.

"Ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà," ni Asọrúkọ, ẹ̀rọ tó ń sọ ẹranko lórúkọ, wí láti inú ògiri. Ohùn rẹ̀ kì í yára, kì í sì í ga. Ó dà bí ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn fún ìlú tí kò mọ ẹnì kan níbẹ̀. "Ẹranko kan ti fi eyín kan èèyàn nínú yàrá yìí."

Akíndúró fa ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ejò tẹ́ẹ́rẹ́ kan so rọ̀ nídìí àtàǹpàkò rẹ̀, pupa, dúdú, funfun, dúdú, pupa, bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ìyàwó tuntun. Kò gé e kó sì jù ú sílẹ̀. Ńṣe ló ń rún ọwọ́ náà lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀, bí arúgbó tó ń jẹ orógbó.

Abọ́sẹ̀dé, ìyàwó rẹ̀, ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fi ìkọ́ tẹ ejò náà lọ́rùn, ó rọra tú ẹnu rẹ̀ kúrò lára ọkọ òun, ó sì darí rẹ̀ wọ inú ọ̀pá oníke tó mọ́ gaara, irú èyí tí wọ́n fi ń há ejò mọ́ kó má lè yíra padà. Ojú ibi tó gé kò ju bí ẹni fi ẹ̀gún gún èèyàn lọ. Kò wú. Ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kò tó èyí tí wọ́n á fi ewé nù.

"Mo ti rí ejò náà," ni Asọrúkọ tún wí. "Àfarawé ni, èyí tó kàn wọ àwọ̀ ejò iyùn olóró. Kò lóró. Ẹ dá a padà sínú àpótí rẹ̀, kí ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri pé ẹ gbà. N ó ṣílẹ̀kùn."

Akíndúró bú sẹ́rìn-ín. "Ó dẹ́rù bà mí o! Ejò tí mo ti ń fọwọ́ lásán bọ́ láti ìgbà tí kò tíì ju okùn bàtà lọ! Ìyá Déùn, dá a padà jọ̀ọ́, ká máa lọ. Ọkọ̀ ń dúró."

Òótọ́ ni pé ọkọ̀ ń dúró. Ẹrù wọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí igbó Amásónì jó tán, tí odò ibẹ̀ di iyanrìn, ńṣe làwọn orílẹ̀-èdè pín àwọn ẹranko tó ṣẹ́ kù tọ́, bí ẹbí ṣe ń pín ọmọ òkú. Ejò àti ọmọńlé ló kan Nàìjíríà, wọ́n sì gbẹ́ ilé fún wọn sínú àpáta níhà Ìdànrè, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí oòrùn kò dé. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ kì í jáde títí sáà rẹ̀ á fi pé, nítorí àìsàn tí ẹ̀dá ilẹ̀ òkèèrè lè gbé ran ará òkè. Òní ni sáà Abọ́sẹ̀dé àti Akíndúró pé. Ọmọ ọmú ni Morádéùn nígbà tí wọ́n gbé e lé ìyá Akíndúró lọ́wọ́. Ó ti ń kàwé báyìí, ojú inú dígí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ nìkan ló sì mọ àwọn òbí rẹ̀ sí. Aṣọ kan wà nínú báàgì Abọ́sẹ̀dé tó fojú inú dígí yẹn díwọ̀n rán fún un. Kò dá a lójú pé yóò wọ ọmọ náà lọ́rùn.

Síbẹ̀, kò dá ejò náà padà. Ó gbé ọ̀pá oníke sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó tẹ́jú mọ́ ọn.

"Bàbá Déùn, ẹ wá wo ojú rẹ̀."

"Ojú wo? Ó ń múra àtibọ́ awọ ni. Ojú ejò tó bá fẹ́ bọ́ awọ máa ń ṣú bí ojú òkú."

"Kì í ṣe pé ó ṣú ni mò ń wí. Ó kéré. Ojú àfarawé kì í kéré tó báyìí."

Akíndúró sún mọ́ ọn, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. Àwọn méjèèjì ló kọ́ iṣẹ́ yìí, ilé ẹ̀kọ́ kan náà sì ni wọ́n ti pàdé; àwọn tó mọ̀ wọ́n níbẹ̀ sọ pé àríyànjiyàn lórí ìpẹ́ ejò ló di ìfẹ́. "Wo òrùka rẹ̀," ni ó wí. "Dúdú méjì-méjì ló wà láàárín pupa. Gbogbo ejò iyùn tó wà lọ́dọ̀ wa, tó wá láti Bràsíl, mẹ́ta-mẹ́ta ni tiwọn."

"Òrùka máa ń parọ́. Àwọn ejò iyùn míì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sì máa ń bí èyí tí òrùka rẹ̀ dàrú. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, pé kí wọ́n má fi aṣọ mọ èèyàn."

Ó na dígí amú-nǹkan-tóbi sí i. "Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi."

Akíndúró wò ó. Láàárín ìpẹ́ tí ihò imú wà nínú rẹ̀ àti ìpẹ́ tó wà níwájú ojú, àfarawé máa ń ní ìpẹ́ kékeré kan, bí ọmọdé tó fún ara rẹ̀ sáàárín àgbàlagbà méjì lórí bẹ́ńṣì. Ejò iyùn gan-an kò ní ọmọdé yẹn. Ìpẹ́ imú àti ìpẹ́ iwájú ojú rẹ̀ ló fara kanra.

"Mi ò rí i," ni ó wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n awọ òkú ló bò ó. Ó lè wà lábẹ́."

"Ó lè wà lábẹ́."

"Nígbà náà, dá a padà."

Abọ́sẹ̀dé mú igi pẹlẹbẹ kan lórí tábìlì, ó fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ awọ di ejò náà ní ẹ̀yìn orí níbi tó ti yọ lẹ́nu ọ̀pá, ó sì fi igi náà la ẹnu rẹ̀ díẹ̀. Tí ó bá jẹ́ àfarawé, ẹ̀yìn ẹnu ni eyín rẹ̀ tó gùn máa wà, nítòsí ọ̀fun. Abọ́sẹ̀dé wo ẹ̀yìn ẹnu, kò rí nǹkan kan. Ó wá wo iwájú. Eyín méjì wà níbẹ̀, níwájú gan-an, wọ́n kúrú, wọ́n tínrín bí ẹnu abẹ́rẹ́ ìránṣọ, omi díẹ̀ ṣì ń dán lórí ọ̀kan.

Ó yí orí ejò náà sí ọkọ rẹ̀. Akíndúró wò ó pẹ́. Ẹ̀rín kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

"Ejò iyùn ni," ni Abọ́sẹ̀dé wí.

Ó dá orí ejò padà sínú ọ̀pá, ó fi ìdérí dé e, ó sì kọjú sí ògiri. "Asọrúkọ, fún mi ní oògùn oró ejò iyùn."

"Ejò iyùn kò sí nínú yàrá yìí," ni Asọrúkọ dáhùn. "Ejò tó wà níbí jẹ́ *Erythrolamprus*, tí ẹ̀ ń pè ní àfarawé. Orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn lọ́jọ́ tó dé. N kì í fún ẹni tí ejò aláìlóró gé jẹ ní oògùn oró. Oògùn náà lè pa á lára."

"Wo ẹnu rẹ̀. Eyín iwájú ló ní."

"Láti orí àjà ni mo ti ń wò. N kò rí inú ẹnu. Bí ohun tí ẹ rí bá yàtọ̀ sí tèmi, ẹ lè takò."

Àwọn méjèèjì kọjú sí igun yàrá. Ẹní kan wà ní kíká níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò kó kúrò. Ẹní Ọ̀gbẹ́ni Ọlátéjú, tó ṣiṣẹ́ níbí ṣáájú wọn, ni. Ọmọńlé kan ni Ọlátéjú takò Asọrúkọ lé lórí. Òfin sọ pé ẹni tó bá takò yóò dúró ti ohun tó takò lé lórí, nínú yàrá kan náà, títí Ilé-Ẹjọ́ Orúkọ yóò fi jókòó. Ilé ẹjọ́ náà kì í sì í yára jókòó. Nígbà tí wọ́n máa fi dá ẹjọ́ Ọlátéjú, òjò ti rọ̀, ó ti dá, ó tún ti rọ̀ lókè láìmọye ìgbà. Òun ló jàre. Wọ́n kọ orúkọ tó sọ ọmọńlé yẹn sínú ìwé gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n mú un jáde, ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì béèrè ọmọ ta ni wọ́n lọ́wọ́ wọn.

Kì í ṣe òfin òmùgọ̀ ló dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Irọ́ orúkọ wà lára ohun tó pa igbó Amásónì. Ẹni tó bá fẹ́ gé igbó a wá ọ̀mọ̀wé kan tí yóò búra pé ejò tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀tọ̀, pé irú rẹ̀ pọ̀ níbòmíì. Wọ́n á sọ ẹ̀dá tó ṣẹ́ ku díẹ̀ lórúkọ ẹ̀dá tó pọ̀ bí eṣinṣin, wọ́n á sì gé igbó. Ìdí nìyẹn tí ayé fi gba orúkọ lẹ́nu èèyàn, tí wọ́n gbé e lé Asọrúkọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba orúkọ padà gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ ṣe ohun ìdúró.

"Má takò," ni Akíndúró wí.

"Bàbá Déùn."

"Gbọ́ mi ná. Ejò lè gé èèyàn jẹ kó má tú oró sí i lára. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ara mi le. Ọwọ́ ò dùn mí. Jẹ́ ká gbà, ká jáde, ká máa lọ lókè. Bí nǹkan kan bá wá ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn wà níbẹ̀."

"Kò sí oògùn náà lókè. Inú ikùn Asọrúkọ nìkan ló wà, lára àwọn ejò ibí ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí mo bá sì ti gbọ́wọ́ lé ògiri pé mo gbà, àfarawé ni títí ayé, ẹnikẹ́ni kò ní fi oògùn náà ránṣẹ́ sí yín."

"Bí oró bá wọ̀ mí lára nìyẹn!"

"Oró ejò iyùn kì í dun èèyàn. Kì í mú ara wú. Ẹni tó gé jẹ á máa rìn, á máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó bá fi máa hàn lójú, ó ti dé ibi tí èèyàn fi ń mí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Akíndúró jókòó sórí àga. Ó wo ẹrù wọn lẹ́nu ọ̀nà. "Nígbà náà, èmi ni kí n takò. Èmi ni mo tọwọ́ bọ àpótí. N ó takò, yóò fún mi ní oògùn láti inú ihò ògiri, ìwọ á lọ bá ọmọ. Mi ò bẹ̀rù ẹní Ọlátéjú."

"Bí èémí yín bá dá ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ń báni mí kò sí níbí. Ẹni tó takò kì í jáde, kódà bó ń kú lọ. Ẹ ó kú sórí ẹní yẹn, n ó sì wà lókè tí mò ń sọ fún Déùn pé Bàbá ń bọ̀."

Abọ́sẹ̀dé rìn lọ síbi ògiri. Ojú ibi tí wọ́n ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ń tàn níbẹ̀, ó tóbi bí àwo ọbẹ̀, àmì méjì sì wà lórí rẹ̀, ọ̀kan fún *mo gbà*, ọ̀kan fún *mo takò*. Ó dúró níwájú rẹ̀. Ó tún ọ̀rọ̀ náà rò. Ó ṣeé ṣe kí ejò náà má tú oró. Ó ṣeé ṣe, lóòótọ́, bí ó ṣe ṣeé ṣe kí èèyàn já bọ́ látorí ọ̀pẹ kó sì dìde. Bó bá gbà, láìpẹ́ sí àsìkò yìí òun á di ọmọ òun mú, ọmọ tó ní ìwúwo, tó ní òórùn, tí kì í ṣe ojú inú dígí. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè dé ọ̀kánkán *mo gbà*. Ó wà níbẹ̀.

Ó wá gbé e lé èkejì.

"Mo takò," ni ó wí. "Ejò iyùn ni. *Micrurus* ni. Mo rí eyín rẹ̀."

"Mo gbọ́," ni Asọrúkọ wí. "Orúkọ tí ẹ sọ ọ́ ni yóò máa jẹ́ títí ilé ẹjọ́ yóò fi dájọ́. Oògùn ń bọ̀. Àwọn olùtọ́jú ń bọ̀ wá gbé ẹni tí ejò gé jẹ. Ẹni tó takò yóò dúró."

"O ti bà á jẹ́!" Akíndúró fò dìde lórí àga. "Ara mi le koko, mo sọ fún ọ! Wò mí! Ọmọ yẹn ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, Ìyá mi ní kò jẹun, ó ní òun fẹ́ bá wa jẹun. Kí ni kí n sọ fún un? Pé ìyá rẹ̀ yan ejò?"

Ihò ògiri là, ó ti oògùn jáde nínú àwo tútù. Abọ́sẹ̀dé fa á sínú abẹ́rẹ́, ó di apá ọkọ rẹ̀ mú, ó wá iṣan. Akíndúró jẹ́ kó gún un, ṣùgbọ́n ó ń bá ìbínú rẹ̀ lọ, ó ń sọ ti àwọn ọdún tí wọ́n fi ń ka ọjọ́, ti ìlérí, ti bí kò ṣe fetí sí òun rí láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n. Àárín ọ̀rọ̀ yẹn ni Abọ́sẹ̀dé rí i pé ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ dé ìdajì ẹyin ojú. Akíndúró fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀. Ó gbé orí sẹ́yìn díẹ̀ kó lè rí ìyàwó rẹ̀ dáadáa, ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Èyí ọ̀tún náà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó fẹ́ gbé itọ́ mì, itọ́ kò lọ. Nígbà náà ló dákẹ́.

"Abọ́sẹ̀dé," ni ó wí, ọ̀rọ̀ náà sì wúwo lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. "Ṣé iná ti kú ni?"

"Iná wà."

Ó fọwọ́ wá ọwọ́ rẹ̀ kàn, ó dì í mú.

Ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn olùtọ́jú méjì wọlé pẹ̀lú ibùsùn alágbàágbé àti ẹ̀rọ ìmí. Wọ́n ní kó dùbúlẹ̀. Kò jọ̀wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó ní òun ò lọ. Ó ní bó bá jẹ́ pé wọn ò ní jọ jáde, kí wọ́n jọ dúró. Abọ́sẹ̀dé ń fi pẹ̀lẹ́ tú ìka rẹ̀, ó ń sọ pé, "Bàbá Déùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ, ẹ jọ̀ọ́," ṣùgbọ́n bó ṣe ń tú ìka kan ni ìka mìíràn ń dì í.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò pe orúkọ ọkọ rẹ̀ sí i létí rí.

"Akíndúró!" ni ó wí. "Jọ̀wọ́ mi. Dùbúlẹ̀. Máa lọ bá ọmọ rẹ."

Ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e sórí ibùsùn, wọ́n sì tì í jáde kíákíá, nítorí àyà rẹ̀ ti ń lọ sókè sódò bí ẹni tó ń gun òkè. Abọ́sẹ̀dé tẹ̀ lé wọn, láìronú, títí dé ẹnu ọ̀nà. Iná pọ́n sí i lójú.

"Ẹni tó takò yóò dúró," ni Asọrúkọ wí. Ilẹ̀kùn tì.

Ó gbọ́ bí ọkọ̀ agbéniròkè ṣe gbéra lẹ́yìn ògiri. Ó gbọ́ ọ títí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Ẹrù méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Wọn kò rántí kó èyíkéyìí. Nínú ọ̀pá oníke, ejò náà ń fi imú ta ìdérí, ó padà sẹ́yìn, ó tún fi imú ta á.

"Ṣé ó ń mí?" ni Abọ́sẹ̀dé béèrè.

"N kò rí òkè," ni Asọrúkọ dáhùn.

Ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti irin ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ebi kò pa á, òùngbẹ kò gbẹ ẹ́. Ó ń gbìyànjú láti rántí bóyá òun gún abẹ́rẹ́ náà wọ iṣan dáadáa, ó sì rántí pé bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà kò dá a lójú mọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Níkẹyìn, Asọrúkọ ní, "Òfin fún yín láyè láti bá èèyàn kan sọ̀rọ̀. Ó ti wà lórí ìlà. Ohùn nìkan ni, kò sí àwòrán."

Abọ́sẹ̀dé dìde dúró. Ó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ kan lódì kejì, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú, ó ń fà á síta, láìdáwọ́ dúró. Ó gbọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń sọ pé, "Sọ̀rọ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ."

"Màmá," ni ohùn ọmọdé kan wí.

"Déùn."

"Bàbá ti dé. Ẹ̀rọ ló ń bá wọn mí, ṣùgbọ́n dókítà ní oògùn yẹn dé lásìkò. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ò ní pẹ́ lẹ́nu wọn. Ẹ sọ pé ẹ̀yin náà ń bọ̀."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìyá àgbà ní wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti ilẹ̀kùn."

Ẹ̀rọ ń mí. Abọ́sẹ̀dé gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ògiri níbi tí ohùn ti ń jáde, bí ẹni pé ohùn ní ara.

"Wọn ò lè la ojú," ni Morádéùn tún wí. "Wọ́n ń gbọ́ mi, wọ́n ń fún mi lọ́wọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn ò ṣí. Nọ́ọ̀sì ní kò dùn wọ́n, pé ńṣe ló wúwo. Mo wá fi ìka mi bá wọn gbé e sókè, rọra, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì."

"O bá wọn gbé e sókè?"

"Ẹ̀ẹ̀n. Ojú wọn rìn kiri ná, ó wá dúró lára mi." Ohùn ọmọ náà sún mọ́ ọn, bí ẹni tó gbé ẹnu sún mọ́ nǹkan kí ẹlòmíì má baà gbọ́. "Màmá, wọ́n rí mi."